Sínúkà Tí Èmi àti Ọkọ Mi Jọ Ń Gbá Láti Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mi ò kàn mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fọ́tò yẹn síbí, èyí tí mo ti di ọ̀pá sínúkà mú, ìbéèrè ò yéé wọlé. Tíṣà, kí lo wá dé ìdí sínúkà? Ṣé o ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ni? Ẹnì kan tiẹ̀ wá bá mi ní íńbọ́ọ̀sì, ó ní ṣé ọkọ mi mọ̀ sí i.

Ọkọ mi kẹ̀? Òun gan-an ló fà á!

Dàpọ̀ lorúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa tó bá ka èyí máa bi mí pé kí ló dé tí mò ń pe ọkọ mi lórúkọ, tí mò ń pè é ní "ó". Ẹ má bínú sí mi. Níwájú ẹbí, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, Bàbá Tòmíwá ni mo sì máa ń pè é. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí "ẹ" nídìí tébù. Ó ní téèyàn bá ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń bá a gbá sínúkà, kò ní í lè nà án láéláé! Nígbà tó sì jẹ́ pé nídìí tébù la ti pàdé, bí mo ṣe ń pè é níbẹ̀ náà ni màá ṣe pè é níbí.

Inísà là ń gbé. Ìkìrun ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Òkukù ni tébù yẹn wà, níwájú ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì tún máa ń bá èèyàn cháàjì fóònù. Tébù sínúkà wà níta, lábẹ́ páànù.

Fóònù ni mo lọ cháàjì lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge. Mo dúró, mò ń wo àwọn tó ń gbá a. Ni Dàpọ̀ bá na ọ̀pá sí mi, ó ní ṣé mo fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù funfun fò kúrò lórí tébù, ó yí gbirigbiri lọ bá ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò! Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ mú bọ́ọ̀lù wá, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó ní kí n má wo ọ̀pá, ibi tí mo bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ ni kí n máa wò.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé fóònù tó ti kún lọ cháàjì nìyẹn o!

Lẹ́yìn tá a ṣègbéyàwó, a ò yéé lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tínú bá ń bí wa síra wa, a kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Tá a bá ti dé ìdí tébù, òun á gbá, èmi á gbá, ká tó gbá tán, ìjà ti parí. Mi ò mọ bí àwọn yòókù ṣe ń parí ìjà tọkọtaya. Tiwa nìyẹn.

Nígbà tó yá, Dàpọ̀ rí iṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, lóru. Àdéhùn wa ni pé kó ṣíwájú, kó wá ibi tá a máa fìdí lé, kí èmi àti Tòmíwá ọmọ wa wá bá a. Mo ti ń fi ẹ̀wù òtútù wọn ọmọ nínú ooru! Àfi bí wọ́n ṣe yí òfin padà lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ò lè mú ìyàwó àti ọmọ wọn wá mọ́.

Bí ọkọ mi ṣe wà níbì kan nìyẹn, tí èmi náà wà níbì kan.

Àárò! Ẹ̀yin tí èèyàn yín wà lókè òkun, ṣé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún yín? Kì í ṣe ìgbà téèyàn bá ń sunkún ló máa ń le jù. Ìgbà tó o bá dáná, tó o sì ti bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú abọ́ kó o tó rántí ni. Ìgbà tó o bá gbọ́ ìró ọ̀kadà níwájú ilé, tí ọkàn rẹ á ti dìde kí ìyókù ara rẹ tó mọ̀ pé òun kọ́.

Fóònù ńkọ́? A ń pera wa. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá jí, òun ń lọ sùn. Ìgbà tóun bá jí, mo wà ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ wá ń kúrú sí i. Ṣé ẹ ti jẹun? A ti jẹun. Ọmọ ńkọ́? Ó wà pa. Òtútù ńkọ́? Ó ń mú. Ó tán! Tó bá ti gé fóònù, màá máa wo ojú fóònù tó ti ṣókùnkùn, màá ní ṣé ohun tó kù fún mi lára ọkọ mi nìyí, ohùn kan tó ń béèrè oúnjẹ?

Àfi bó ṣe fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kan. Ó ní áàpù kan ni, ti àwọn tó ń kọ́ sínúkà. Ó ní, "Gbé e sórí fóònù rẹ. Ká jọ máa ṣe práktíìsì."

Mo ní, "Sínúkà lórí fóònù? Géèmù ni?"

Ó ní kì í ṣe géèmù. Tébù gidi, ọ̀pá gidi ni màá lò. Áàpù yẹn á kàn máa sọ ohun tí màá ṣe fún mi ni.

Òótọ́ ló sì sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, báyìí ló ṣe rí. Tó o bá kọ́kọ́ ṣí i, á bi ọ́ pé ọjọ́ wo lo ráyè lọ́sẹ̀, kí ló sì ń dà ọ́ láàmú nínú sínúkà. Á wá pín iṣẹ́ fún ọ. Lónìí, bí wàá ṣe gbá bọ́ọ̀lù lọ tààrà. Lọ́la, bí wàá ṣe gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè yà sínú ihò. Lọ́jọ́ míì, bí bọ́ọ̀lù funfun á ṣe dúró síbi tó o fẹ́ lẹ́yìn tó bá lu èkejì. Á ya àwòrán tébù, á fi ibi tí wàá to bọ́ọ̀lù sí hàn ọ́. Tó o bá gbá a tán, wàá tẹ iye tó wọlé sí i, òun náà á sì sọ ibi tó o ti ń já fáfá fún ọ. Èyí tó ò bá sì mọ̀, á ní kó o padà sídìí ẹ̀. Bíi tíṣà gẹ́lẹ́! Àfi pé tíṣà yìí kì í jágbe mọ́ èèyàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì lè so ara wọn pọ̀ lórí rẹ̀. Tí Dàpọ̀ bá ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, àmì kan tó ní àwọ̀ ewé á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí fóònù mi, màá sì rí iye tó wọlé fún un. Témi náà bá parí, tèmi á tàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ilé ìgbafẹ́ kan wà tí wọ́n ní tébù, ibẹ̀ lòun ti máa ń ṣe tòun kóun tó lọ síbi iṣẹ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tá a bá ti jáde níléèwé ní Ìkìrun, èmi àti Tòmíwá á wọ bọ́ọ̀sì, ó di Òkukù. Màá fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, màá gba ìdí tébù lọ káwọn ọkùnrin tó ti oko àti ibi iṣẹ́ dé.

Bọ̀dá Káyọ̀dé kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré ni. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o mọ̀ pé ẹni tó o máa ń bá gbá a ò sí ńbí?"

Mo ní, "Wọ́n wà nínú fóònù mi, sà."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n mi orí, wọ́n mú tówẹ́ẹ̀lì, wọ́n nu tébù fún mi.

Hẹn! Ojú mi rí màbo níbẹ̀rẹ̀. Áàpù ní kí bọ́ọ̀lù funfun lu èkejì kó sì dúró gbọnin síbẹ̀. Tèmi kì í dúró. Á tẹ̀ lé èkejì wọnú ihò bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà! Ẹ̀yìn ń dùn mí, apá ń ro mí. Ṣọ́ọ̀kì funfun níléèwé láàárọ̀, ṣọ́ọ̀kì búlúù tí wọ́n fi ń pa ẹnu ọ̀pá nídìí tébù nírọ̀lẹ́. Tòmíwá ní gbogbo aṣọ mi ló ti ní àpá ọwọ́.

Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n ní kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wí, pé ìyàwó ilé, odindi tíṣà, tí ọkọ rẹ̀ ò sí nílé, ló ń bẹ̀rẹ̀ káàkiri lórí tébù lójú àwọn ọkùnrin? Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ṣí fóònù, mo fi àmì ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ wọn hàn wọ́n. Mo ní, "Mọ́mì, Bàbá Tòmíwá ti gbá tiwọn lónìí. Èmi ló kù."

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ṣé Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹ èyí? Ní báyìí? Mo ní òun ni. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Látọjọ́ náà, àwọn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ bi mí tí mo bá ti dé. "Ṣé ó ti tàn?"

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Bọ́ọ̀lù funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin tó ti máa ń rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé kí wọ́n lè wò mí, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dára tó, iye tí Dàpọ̀ ń tẹ̀ máa ń fi díẹ̀ báyìí ju tèmi lọ. Màá ní ó dáa, lọ́la màá bá a. Bí lọ́la bá sì dé, á tún ti sún síwájú díẹ̀.

Nígbà míì tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó dúró lódìkejì tébù, tó fi ọ̀pá gbé àgbọ̀n ró bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò ní gbójú sókè. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbójú sókè, kò ní sí níbẹ̀. Torí náà màá rọra ṣe é, kó lè dúró pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ìgbà tó wá sọ pé òun ti gba ìsinmi, pé òun ń bọ̀ wálé, ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Mo fọ kọ́tìnì tí kò dọ̀tí. Mo lọ ṣe irun, kò wù mí, mo ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un ṣe.

Ó dé. Ó ti rù. Mo dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, òórùn ara rẹ̀ ti yàtọ̀. Nígbà tí mo gbé omi fún un, ó ní "ẹ ṣé", bí àlejò! Tòmíwá lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn mi. Mo ní nínú ara mi pé kò burú. Ká ṣáà ti dé ìdí tébù. Ibẹ̀ la ti máa padà mọ ara wa.

Lọ́jọ́ kejì, a gba Òkukù lọ. Bọ̀dá Káyọ̀dé ti kéde ká gbogbo àdúgbò. Mọ́mì gbé àga tiwọn wá síwájú. Bọ̀dá to bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí gbogbo ayé wá wo tọkọtaya tó ń ti ìlú méjì kọ́ sínúkà!

Dàpọ̀ mú ọ̀pá.

Mo rí i lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá yẹn ti di àjèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a, ọ̀pá yọ̀ lára bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù funfun rìn díẹ̀, ó dúró. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òtútù ìlú Òyìnbó ò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gbá a. Bọ́ọ̀lù tó jókòó sẹ́nu ihò, tí ọmọdé lè fi ìka tì wọlé, ó tàsé rẹ̀! Wọ́n ní ó ń fi í sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, pé ọkọ rere.

Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mò ń gbá tèmi, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Ẹni tí áàpù ń sọ fún mi pé kì í sábà tàsé nìyí? Tí kò bá sí nídìí tébù kankan ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, níbo ló wà? Ọ̀dọ̀ ta ni?

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ ibi tí ọkàn mi lọ. Ṣé mo jẹ̀bi?

A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Inísà. Ọmọ ti dúró sọ́dọ̀ Mọ́mì. Bá a ṣe wọlé, mi ò tiẹ̀ tíì jókòó tí mo fi bi í pé, "Bàbá Tòmíwá, ta lẹ̀ ń bá gbá sínúkà lọ́hùn-ún?"

Ó gbọ́ "ẹ" yẹn. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni gbá a."

"Àmì tí mò ń rí ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Mi kì í sí nídìí tébù."

Ó jókòó, ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní lóòótọ́ lòun kọ́kọ́ ń lọ sílé ìgbafẹ́ yẹn. Nígbà tó yá, òun tún mú iṣẹ́ ọ̀sán mọ́ ti òru, kò sáyè mọ́. Ṣùgbọ́n bóun bá ti ṣí fóònù, òun á rí i pé tèmi ti tàn. Kò wu òun kí tèmi nìkan máa tàn. Torí náà, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé òun lọ síbi iṣẹ́, òun á ṣí áàpù, òun á ka iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, òun á wá dijú. Òun á máa to bọ́ọ̀lù sórí tébù Òkukù lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun á gbé mi dúró sódìkejì. Òun á máa gbá a nínú ọkàn òun títí bọ́ọ̀sì á fi dé ibi tóun ti máa sọ̀. Òun á wá tẹ̀ ẹ́ pé òun ti parí. Iye tó fi ń ju tèmi lọ díẹ̀ yẹn, ó ní òun mọ̀ mí, tẹ́nì kan bá wà níwájú mi, mi ò ní í dúró.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ kó o máa gbá a nìkan."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n mò ń gbá a nìkan, Dàpọ̀."

Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo sunkún. Mi ò lè sọ bóyá ìbínú ni tàbí àánú. Mo rántí Mọ́mì àti àtàǹpàkò wọn lójú fóònù yẹn, ó dùn mí wọra. Gbogbo wa la ti ń yọ̀ sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀! Ṣùgbọ́n mo tún wò ó, ọkùnrin tí oorun ń kùn, láàárín àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí, tó dijú tó ń wá mi kiri lábẹ́ páànù ní Òkukù. Ṣé a lè pe ìyẹn ní irọ́ pátápátá?

Mo sọ fún un pé ká ní ó sọ fún mi pé òun wà nínú bọ́ọ̀sì, tó rẹ òun, tóun dijú, inú mi ì bá dùn sí i ju gbogbo àmì tó tàn lọ. Ó ní òun rò pé màá já òun jù sílẹ̀ tí mo bá mọ bó ṣe ń rẹ òun tó ni. Èmi kẹ̀!

Ìyókù ọjọ́ tó lò, iléèwé wa ti gba ìsinmi, a sì máa ń lọ sí Òkukù láàárọ̀ nígbà tí kò bá sẹ́nì kankan nídìí tébù. A ò mú fóònù jáde. Èmi ni mo wá ń kọ́ ọ. Mo máa ń di ìgúnpá rẹ̀ mú kó má bàa gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù tó le kan wọlé fún un, ó pariwo bí ọmọdé, ó yíjú sí mi, ẹ̀rín tí mo mọ̀ yẹn ló wà lójú ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóòótọ́.

Ó ti padà. Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò lọ mọ́. Ó lọ. Òfin wọn ò tíì yí padà. Tòmíwá di ẹ̀wù rẹ̀ mú títí ọkọ̀ fi fẹ́ gbéra.

Mo ṣì ń lo áàpù yẹn, ó sì ń ṣe mí láǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ orúkọ Dàpọ̀ ti ṣókùnkùn, èmi ni mo ní kó má tẹ nǹkan kan mọ́ àfi tó bá gbá a lóòótọ́. Ohun tá à ń ṣe báyìí ni pé tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, á pè mí. Màá gbé fóònù lé etí tébù. Màá sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà fún un, òun náà á sọ bóun á ṣe gbá a tó bá jẹ́ òun. Màá wá gbá a, màá dákẹ́, kó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Èmi náà máa ń gbọ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀, mo máa ń gbọ́ àwọn Òyìnbó tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ tó bá ń yán.

Á ní, "Kò wọlé, àbí?"

Màá ní, "Kò wọlé."

A ó rẹ́rìn-ín. Mọ́mì á sì ké láti orí àga wọn pé kó má gbàgbé láti jẹun.

Àárò ò lọ o! Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Kò sí áàpù tó lè gbé èèyàn láti ibẹ̀ wá síbí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Níbi tí ojú ò bá sí, ẹ jẹ́ kí òótọ́ wà níbẹ̀. Tó bá rẹ̀ ọ́, sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Tó ò bá rí i ṣe, sọ pé o ò rí i ṣe. Ẹni tó ń retí rẹ nílé lè fara da èyí ju bó o ṣe rò lọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni tiyín tó wà lọ́nà jíjìn, kí lẹ sì jọ ń ṣe kí ọ̀rọ̀ má bàa tán láàárín yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, ó wù mí kà. Tẹ́ ò bá tètè rí èsì mi, ẹ má bínú sí mi.

Bọ́ọ̀sì ọkọ mi ti dé.